Ìdí ni wọ́n gún, ẹsẹ̀ ló dáhùn: àlàyé lórí ojúkò Huantiao

Ẹni tí ìrora mú láti ìdí sọ̀kalẹ̀ dé àtẹ́lẹsẹ̀, tó wá lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ tọ́jú ara lọ́nà ti ilẹ̀ Ṣáínà, ó ṣeé ṣe kó gbọ́ pé: "A máa gún GB30." Tó bá béèrè ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ojúkò kan ni, ìyẹn ibi pàtó kan lára tí wọ́n máa ń gún, lórí ipa ọ̀nà àpò òróòro. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú. Abẹ́ ẹ̀dọ̀ ni àpò òróòro wà, nínú ikùn lọ́hùn-ún. Kí ló wá da òun àti ìdí pọ̀? Ṣé òróòro ló ń yọ ẹsẹ̀ lẹ́nu ni?

Rárá o. Orúkọ ló fa ìdààmú yẹn, ẹ jẹ́ ká sì ti ibi orúkọ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ibi tí orúkọ náà ti wá àti ohun tó wà lábẹ́ awọ ara níbẹ̀, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ ju ti ẹni tó kàn dùbúlẹ̀ tó ń wo abẹ́rẹ́ gígùn lọ́wọ́ ẹni ẹlẹ́ni.

Àwọn oníṣègùn Ṣáínà àtijọ́ gbà pé agbára kan wà tó ń gbé ara ró. Qi ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní ipa ọ̀nà pàtàkì méjìlá ló ń gbà káàkiri ara, wọ́n sì fi orúkọ ẹ̀yà inú ara pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: ti ẹ̀dọ̀fóró, ti ọkàn, ti kíndìnrín, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí wọ́n pè ní ti àpò òróòro bẹ̀rẹ̀ létí ojú, ó yí ẹ̀gbẹ́ orí ká, ó gba èjìká, ó gba ìhà sọ̀kalẹ̀ sí ìbàdí, ó wá tọ ẹ̀gbẹ́ ìta itan lọ títí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ kẹrin. Ojúkò 44 ló wà lórí rẹ̀. GB jẹ́ ìkékúrú orúkọ àpò òróòro lédè Gẹ̀ẹ́sì, 30 sì ni nọ́ńbà ojúkò tiwa yìí téèyàn bá ń kà á bọ̀ láti ojú. Àdírẹ́sì ni, bí orúkọ òpópónà àti nọ́ńbà ilé. Bí wọ́n bá fi orúkọ ẹnì kan sọ òpópónà, kò sẹ́ni tó máa rò pé òun ló ń gbé gbogbo ilé tó wà níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n gún ní GB30 kò ní àrùn òróòro kankan lára nítorí ìyẹn.

Huantiao ni orúkọ rẹ̀ lédè Ṣáínà. Huan ni òrùka, tàbí ohun tó yípo. Tiao ni kéèyàn fò. Àwọn kan ní bí ẹsẹ̀ ṣe máa ń ká kò nígbà tí wọ́n bá ń wá ibẹ̀, bíi ti ẹni tó fẹ́ fò sókè, ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn mìíràn ní ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣeé gbé tẹ́lẹ̀ ni yóò padà máa fò. Èyí àkọ́kọ́ ló tẹ́ mi lọ́rùn jù, nítorí ó bá ohun tó wà nínú ìwé àtijọ́ mu. Huangfu Mi, ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Ṣáínà tó gbé ayé láàárín ọdún 215 sí 282, kọ ibi tí ojúkò yìí wà sínú ìwé rẹ̀ lórí ìtọ́jú abẹ́rẹ́, ó sì ní kí aláìsàn fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kó na ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀, kó ká ẹsẹ̀ òkè kò. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣì ń dùbúlẹ̀ fún un lónìí, lẹ́yìn ohun tó lé ní 1,700 ọdún.

Kí n tó lọ síbi abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ ká là, torí èdè wa fúnra rẹ̀ máa ń dá kún ìdààmú yìí. "Iṣan" ni a ń pe ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. "Iṣan" náà ni a ń pe ẹran líle tó ń fa egungun. "Iṣan" kan náà ni a tún ń pe okùn tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ, tó sì ń gbé àṣẹ ọpọlọ wá fún ẹsẹ̀ pé kó rìn. Tí ẹnì kan bá ní "iṣan ló ń dùn mí," a ò tíì mọ èwo nínú mẹ́ta. Èyí tí mò ń sọ nínú àlàyé yìí ni ẹ̀kẹta, màá sì máa pè é ní iṣan ìmọ̀lára. Èyí tó tóbi jù lọ nínú gbogbo ara wà ní ìdí. Láti ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn ni gbòǹgbò rẹ̀ ti yọ, márùn-ún ni gbòǹgbò náà, wọ́n pàdé, wọ́n di ẹyọ kan tó fẹ̀ tó àtàǹpàkò, ó gba abẹ́ ẹran ìdí, ó tọ ẹ̀yìn itan lọ, kó tó pín sí méjì nítòsí orókún, kó sì dé àtẹ́lẹsẹ̀. Tí nǹkan bá tẹ̀ ẹ́ tàbí tó bí i nínú, ìrora náà ló ń jẹ́ sàyátíkà.

Ẹ jẹ́ ká fi ọwọ́ wá Huantiao. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún dùbúlẹ̀, ẹ na ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹ ká orókún òsì wá síwájú. Ẹ fi ọwọ́ òsì wá egungun líle tó yọ gọngọ ní ẹ̀gbẹ́ ìbàdí, níbi tí itan ti bẹ̀rẹ̀. Tí kò bá dá yín lójú, ẹ yí ẹsẹ̀ sínú kí ẹ tún yí i síta: egungun yẹn á máa yí lábẹ́ ìka yín. Òpin kan nìyẹn. Òpin kejì wà láàárín gbùngbùn ẹ̀yìn, ní ìsàlẹ̀ pátápátá egungun pẹlẹbẹ tó wà lókè ibi tí ìdí ti pín sí méjì. Ihò kékeré kan wà níbẹ̀ tí ìka lè mọ̀ bó ṣe jin díẹ̀. Ẹ ronú pé ẹ na okùn láti òpin kìíní dé ìkejì, kí ẹ wá pín okùn náà sí ọ̀nà mẹ́ta ọgbọọgba. Ibi tí ìdá kan láti ọ̀dọ̀ egungun ìbàdí ti parí, tí ìdá méjì tó kù sí ọ̀nà àárín ẹ̀yìn ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, ó máa ń ro wọ́n jinlẹ̀, kódà lọ́jọ́ tí ara wọn dá ṣáṣá.

Ìdí tí wọn kì í fi í fi sẹ̀ǹtímítà júwe ibẹ̀ ni pé ìdí ọmọdé àti ti àgbàlagbà kò dọ́gba. Ara ẹni fúnra rẹ̀ ni òṣùwọ̀n. Cun ni wọ́n ń pè é: ìbú oríkèé àtàǹpàkò aláìsàn jẹ́ cun kan, ìbú ìka mẹ́rin tó lẹ̀ mọ́ra jẹ́ cun mẹ́ta. Ẹni tó bá ń fi àtàǹpàkò tirẹ̀ wọn ara yín láìwo bí tiyín ṣe rí, ó ń ṣe é lódì.

Ìdààmú mìíràn tún wà, ẹni tó bá ti ka ìwé méjì lórí ọ̀rọ̀ yìí lè ti kàn án. Ìwé kan á ní okùn náà ń lọ sẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Ìwé kejì á ní láti egungun ìbàdí kan náà, iwájú ni kí ẹ na okùn gbà, sí orí egungun tó yọ ṣóńṣó níwájú ìbàdí, níbi tí bẹ́líìtì máa ń wà. Kì í ṣe pé ọ̀kan nínú àwọn òǹkọ̀wé náà kò mọ iṣẹ́. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé ìlànà jáde lọ́dún 2008 lórí ibi tí ojúkò 361 wà lára, àwọn ọ̀mọ̀wé fohùn ṣọ̀kan lórí púpọ̀ jù lọ, ṣùgbọ́n ó ku mẹ́fà tí wọ́n kọ ibòmíràn mọ́ fún. Huantiao wà lára mẹ́fà yẹn. Ti ẹ̀yìn ni wọ́n mú gẹ́gẹ́ bí ibi tí ìlànà fọwọ́ sí, ti iwájú wà gẹ́gẹ́ bí èrò kejì. Fún ìrora tó ń ti ìdí sọ̀kalẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀, ti ẹ̀yìn ló bá ọgbọ́n mu lójú tèmi, nítorí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Kí ló wà lábẹ́ rẹ̀? Awọ, ọ̀rá, lẹ́yìn náà ẹran ìdí tó nípọn jù lọ, èyí tí a fi ń dìde láti orí àga tí a sì fi ń gun àtẹ̀gùn. Lábẹ́ ìyẹn ni àwọn ẹran kéékèèké tó ń yí itan síta wà, ọ̀kan nínú wọn sì nà gba inú ìbàdí kọjá. Iṣan ìmọ̀lára ńlá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ń yọ jáde lábẹ́ ẹran yìí. Lára àwọn kan kò tilẹ̀ gba abẹ́ rẹ̀, àárín rẹ̀ ló là kọjá. Ẹ wá rí i pé àwọn ará ìgbà Huangfu Mi, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ qi tiwọn, ti fi ìka lé ibi tó wúlò gan-an. Ẹni tó bá la ara kò ní rí páìpù tó ń jẹ́ ipa ọ̀nà òróòro, ṣùgbọ́n á rí iṣan yìí kedere.

Ohun tó mú kí abẹ́rẹ́ ibẹ̀ gùn nìyẹn. Ní orí ìka ọwọ́, abẹ́rẹ́ kì í wọlé ju mìlímítà díẹ̀ lọ. Ní Huantiao, cun méjì sí mẹ́ta ni ìwé ẹ̀kọ́ máa ń sọ, èyí tó tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí méje àbọ̀. Lóòótọ́, èèyàn á bẹ̀rù tó bá rí i. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: abẹ́rẹ́ náà kò ní ihò nínú, kò gbé oògùn kankan wọlé, kò sì nípọn ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gún oògùn sí ìdí nípọn jù ú lọ dáadáa. Oògùn tí wọ́n bá sì ṣèèṣì gún sínú iṣan ìmọ̀lára yẹn lè ba ẹsẹ̀ jẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ìdí tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n gún ìdámẹ́rin òkè níhà ìta nìyẹn, tó jìnnà sí i. Ìtọ́jú abẹ́rẹ́ ti Ṣáínà ní tirẹ̀ lọ sí ìtòsí iṣan náà, ó mọ̀ọ́mọ̀ lọ ni. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ fọwọ́ kan ibẹ̀.

Bí abẹ́rẹ́ bá ti wọlé dé ibi tó yẹ, ẹni tó dùbúlẹ̀ á mọ̀. Wọ́n ń pe ìmọ̀lára yẹn ní deqi. Kì í ṣe ìrora títa bí ìgbà tí ẹ̀gún gún ni. Ó wúwo, ó ń ro, ó sì dà bíi pé nǹkan ń wú nínú ẹran ara. Ní Huantiao, ó tún lè ṣàdéédéé ta ṣíá bí iná mànàmáná láti ìdí dé ẹ̀yìn orókún tàbí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, kí ẹsẹ̀ náà sì jà pì lẹ́ẹ̀kan. Ìdí ni wọ́n gún, ẹsẹ̀ ló dáhùn, torí iṣan kan ṣoṣo ló so àwọn méjèèjì pọ̀. Àwọn àgbà nínú iṣẹ́ náà ka ìtaṣíá yìí sí àmì pé abẹ́rẹ́ dé ilé. Èmi kò fara mọ́ ọn pé kí wọ́n máa wá a kiri. Tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tó. Ẹ sọ ọ́ síta lójú ẹsẹ̀, kí ẹni tó ń tọ́jú yín fa abẹ́rẹ́ sẹ́yìn díẹ̀. Ẹni tó bá ń gún iṣan náà léraléra kí ẹsẹ̀ lè máa jà, ó lè ṣe é léṣe.

Wọn kì í sábà gún Huantiao nìkan. Nínú orin àwọn ojúkò méjìlá tí wọ́n ń dárúkọ Ma Danyang mọ́, àlùfáà ẹ̀sìn Dao ti ilẹ̀ Ṣáínà tó gbé ayé ní nǹkan bí 850 ọdún sẹ́yìn, inú ìlà kan náà ni Huantiao àti Yanglingquan wà. Yanglingquan wà ní ẹ̀gbẹ́ ìta ẹsẹ̀, nísàlẹ̀ orókún díẹ̀. Wọ́n tún máa ń fi Weizhong kún un, tó wà láàárín ìlà ẹ̀yìn orókún, àti Fengshi, tó rọrùn láti rí: ẹ dúró ṣánṣán, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ibi tí ìka àárín bá kàn lára itan ni. Ìrora ìbàdí, sàyátíkà, ẹsẹ̀ tí kò lágbára, àti ẹsẹ̀ tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú ni wọ́n ń lò wọ́n fún.

Ibi tó ṣòroó gbọ́ jù ló kàn yìí, òun náà ló sì ṣe pàtàkì jù. Ibi tó ń dunni kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ibi tí ọ̀ràn wà. Ọ̀pọ̀ sàyátíkà ló jẹ́ pé láàárín egungun ẹ̀yìn ló ti bẹ̀rẹ̀: ohun rírọ̀ bíi tìmùtìmù tó wà láàárín egungun méjì yọ síta, ó sì tẹ gbòǹgbò iṣan ìmọ̀lára. Abẹ́rẹ́ tó wà ní ìdí kò lè ti tìmùtìmù yẹn padà sáyè rẹ̀. Ohun tó lè ṣe ni kó mú kí ẹran tó le gbagidi rọ̀, kó sì mú ìrora dínkù. Lára àwọn mìíràn, ẹran ìdí fúnra rẹ̀ ló di mọ́ iṣan. Lára àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀, oríkèé ìbàdí ló ti gbó, ìyẹn sì sábà máa ń dunni ní abẹ́ ikùn, níbi ìpàdé itan pẹ̀lú ara, ó sì máa ń ṣòro fún wọn láti bẹ̀rẹ̀ wọ bàtà. Àwa a kàn pe gbogbo rẹ̀ ní làkúrègbé. Orúkọ kan fún àìsàn mẹ́ta, ìtọ́jú wọn kò sì jọra. Ẹni tó bá fẹ́ gún yín láìjẹ́ kí ẹ rìn kó wò ó, láìgbé ẹsẹ̀ yín sókè, láìbéèrè ibi tí ìrora ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, kò tíì mọ ohun tó ń tọ́jú.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Lọ́dún 2007, wọ́n gbé àbájáde ìwádìí ńlá kan jáde ní Jámánì lórí èèyàn 1,162 tí ẹ̀yìn ń dùn fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n gún apá kan ní àwọn ojúkò tó tọ́, wọ́n gún apá kejì lóréfèé níbi tí kì í ṣe ojúkò, apá kẹta sì gba ìtọ́jú tó wọ́pọ̀ bí oògùn àti eré ìmárale. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara ìdá 47.6 nínú 100 lára apá àkọ́kọ́ ti yá sí i, 44.2 lára apá kejì, 27.4 lára apá kẹta. Abẹ́rẹ́ borí ìtọ́jú tó wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n gún kò fi bẹ́ẹ̀ mú ìyàtọ̀ wá. Ìdí nìyẹn tí àwọn aláṣẹ ìlera fi ń sọ ohun tó takora. Lọ́dún 2016, NICE, tó ń gba ètò ìlera ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nímọ̀ràn, ní kí wọ́n má ṣe lò ó fún ẹ̀yìn dídùn, yálà sàyátíkà bá a rìn tàbí kò bá a rìn. Lọ́dún 2017, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn American College of Physicians fi í sára ohun téèyàn lè kọ́kọ́ lò fún ẹ̀yìn dídùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà fi í sínú ìlànà wọn lọ́dún 2023, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé ẹ̀rí tó wà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó. Lọ́dún 2024, ìwádìí kan láti ilé ìwòsàn mẹ́fà ní Ṣáínà, lórí èèyàn 216 tí sàyátíkà ti pẹ́ lára wọn, fi hàn pé abẹ́rẹ́ gidi dín ìrora ẹsẹ̀ kù ju ti àfarawé lọ. Kò sẹ́ni tó ń parọ́ nínú gbogbo wọn. Ìbéèrè wọn ni kò dọ́gba. Ẹnì kan ń béèrè bóyá ojúkò náà gan-an ló ń wò sàn, ẹlòmíràn ń béèrè bóyá aláìsàn á rí ìtura.

Ohun kan tún wà tó yẹ ká fi sọ́kàn. Púpọ̀ nínú sàyátíkà ló máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n gún lọ́sẹ̀ kẹfà tí ara rẹ̀ yá lọ́sẹ̀ kẹjọ kò lè dá a mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ ni tàbí àkókò. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìrìn àti eré ìmárale, kó má fi rọ́pò wọn, kó sì béèrè látìbẹ̀rẹ̀ iye ìgbà tí wọ́n fẹ́ gún un kí wọ́n tó gbà pé kò ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n àwọn àmì kan wà tí kò fàyè sílẹ̀ fún abẹ́rẹ́ kankan. Tí ibi tí ara fi ń kan gàárì ẹṣin bá kú tí kò mọ ìfọwọ́kàn mọ́, tí ìtọ̀ kò bá wá tàbí tí ìgbẹ́ ń jáde láìmọ̀, tí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ń rọ, ilé ìwòsàn ni, lọ́jọ́ yẹn gan-an. Bákan náà ni tí ìrora bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìṣubú tí ẹsẹ̀ kò sì ṣeé tẹ̀ mọ́lẹ̀, tí ibà bá wà pẹ̀lú rẹ̀, tàbí tí iṣan ẹran ẹ̀yìn ojúgun kan bá wú, tó gbóná. Ìyẹn lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó dì. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹni tó lóyún, àti ẹni tí wọ́n ti fi irin pààrọ̀ oríkèé ìbàdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí wọ́n tó ṣí abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ ọ̀hún sì gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, kí wọ́n ya ọ̀rá rẹ̀ lójú yín, kí wọ́n jù ú nù lẹ́yìn náà.

Ẹni tí kò fẹ́ abẹ́rẹ́ lè tẹ ibẹ̀. Ìka kò ní agbára tó fún ẹran tó nípọn tó yẹn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ń lo ìgbọ̀nwọ́. Ní ilé, ẹ lè fi bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì sábẹ́ ìdí lórí ilẹ̀, kí ẹ rọra gbé ara lé e fún ìṣẹ́jú kan. Tí ẹsẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú tàbí tó ń ta, ẹ kúrò lórí rẹ̀, iṣan ìmọ̀lára ni ẹ ń tẹ̀ yẹn.

Yálà abẹ́rẹ́ ni ẹ yàn tàbí bọ́ọ̀lù, ẹ máa kọ ibi tí ìrora dé lójoojúmọ́ sílẹ̀, kì í ṣe bó ṣe dùn tó nìkan. Ẹni tí tirẹ̀ ń dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó wá ń dúró sí orókún lọ́sẹ̀ yìí, lè máa ráhùn pé ìdí òun tún wá ń dun òun jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kó má bẹ̀rù. Nínú sàyátíkà, ìrora tó ń fà sẹ́yìn láti ẹsẹ̀ padà sí ìdí sábà máa ń jẹ́ àmì pé gbòǹgbò iṣan ti ń rí àyè mí. Èyí tó yẹ kó sáré lọ sọ fún dókítà ni èyí tó ń gba ìdí lọ sísàlẹ̀, tí iwájú ẹsẹ̀ kò sì ṣeé gbé kúrò nílẹ̀ mọ́.